Ohun tó yẹ ká mọ̀ ká tó dá ẹgbẹ́ amateur radio sílẹ̀ ní Apo

Amateur radio ni rédíò téèyàn fi ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ láìlo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù. Bátìrì mọ́tò 12 volt, irú èyí tá à ń rí ní Apo Mechanic Village, lè gbé e. Ẹni tó bá rántí bí wọ́n ṣe pa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní Zamfara lóṣù kẹsàn-án 2021 á mọ ìwúlò ẹ̀.

Àmọ́ ká gba láísẹ́ńsì ná lọ́wọ́ NCC, ní Maitama níbí. Orúkọ ìpè tiwa ní Nàìjíríà, 5N ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Lásìkò tí ètò ààbò le báyìí, àjòjì tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ láìgbàṣẹ, wàhálà ló ń wá.

Lẹ́yìn láísẹ́ńsì, ìwà ló kù:

- Ká gbọ́ ná ká tó sọ̀rọ̀. Bí ẹni méjì bá sọ ọ́ pọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan kan.
- Ká dá orúkọ ìpè wa. Kò sí ìfarapamọ́ níbẹ̀.
- Kò sí ọ̀rọ̀ ọjà, kò sí ẹnà. Fóònù ni ká fi ná ọjà.
- Ká yan ẹnì kan tí á máa pe èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan.
- Ká fi ìjà òṣèlú àti ẹ̀sìn sílẹ̀. Ẹni tá ò mọ̀ rí ń gbọ́ wa.