Henry Wo Ni Ó Ni Owó Wúrà Yìí?

Orúkọ ọba ni ènìyàn kọ́kọ́ ń wá lára owó wúrà àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá rí i pé Henry ni, wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Láàrin ọdún 1399 sí 1461, Henry mẹ́ta ni ó jọba tẹ̀ léra wọn, baba, ọmọ àti ọmọ-ọmọ, kò sì sí èyí tí ó kọ ìkẹrin, ìkarùn-ún tàbí ìkẹfà sára owó rẹ̀.

Asà ọwọ́ ọba ni kí a yẹ̀ wò. Noble ni orúkọ owó náà. Ní ọdún 1344, láyé Edward Kẹta, ni wọ́n kọ́kọ́ rọ ọ́. Ìdámẹ́ta pọ́n-ùn kan ni iye rẹ̀. Ọba dúró nínú ọkọ̀ ojú omi, idà àti asà lọ́wọ́. Ohun tí ilà ojú jẹ́ fún ìran ni àmì ara asà jẹ́ fún àwọn ọba Yúróòpù nígbà náà. Ojú mẹ́rin ni asà yìí pín sí: kìnnìún mẹ́ta-mẹ́ta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní méjì, òdòdó lílì ti ọba Faransé wà ní méjì yòókù. Ọmọbìnrin ọba Faransé ni ìyá Edward; nítorí náà ni ó ṣe kéde ní ọdún 1340 pé òun ni oyè ibẹ̀ tọ́ sí. Lílì ni ó sì fi ṣáájú, kìnnìún ilé baba rẹ̀ wá ṣìkejì!

Nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà ní Brétigny ní ọdún 1360, orúkọ Faransé kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí ó yí etí owó náà ká. Lílì kò kúrò. Ẹnu ti gbà, ọkàn kò gbà. Ní ọdún 1369, orúkọ náà padà síbẹ̀.

Lílì tí ó fọ́n káàkiri ni ti Edward. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1376, Charles Karùn-ún ti Faransé dín ti tirẹ̀ kù sí mẹ́ta péré. Henry Kẹrin ni ó tẹ̀ lé e ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba rẹ̀. Nítorí náà, noble tí ó bá jẹ́ orúkọ Henry, tí lílì rẹ̀ ju mẹ́ta lọ ní ojú kan, ti Henry Kẹrin ni, láìsí àríyànjiyàn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, asà nìkan kò tó mọ́. Òṣùwọ̀n ni ó kù, nítorí ní ọdún 1412 ni wọ́n dín ìwọ̀n owó náà kù láti nǹkan bíi gíráàmù 7.8 sí 7.

Ọdún 1801 ni àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì tó yọ lílì kúrò lára asà wọn. Faransé fúnra rẹ̀ kò ní ọba mọ́ nígbà náà.