Ilé tó wọ bàálù lọ sí Niamey, tó sì tún padà sí ilẹ̀ Faransé

Tí ilé bá ti gbó tàbí tí wọ́n fẹ́ lo ilẹ̀ rẹ̀ fún nǹkan mìíràn, katapílà ni wọ́n sábà máa ń gbé tọ̀ ọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di òkìtì àwókù. Sìmẹ́ǹtì tuntun ni wọ́n á tún lọ rà, bẹ́ẹ̀ ṣíṣe sìmẹ́ǹtì nìkan ló ń tú bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún carbon dioxide tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ń tú sínú afẹ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ilé kan wà ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, tí ẹnikẹ́ni kò wó? Ńṣe ni wọ́n tú u palẹ̀, tí wọ́n sì kó o lọ.

Jean Prouvé, alágbẹ̀dẹ ọmọ Faransé tó di ayàwòrán ilé, ló ṣe é lọ́dún 1949. 'Maison Tropicale' ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ilé ilẹ̀ olóoru. Ìjọba amúnisìn Faransé ń wá ilé tí wọn yóò tètè kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní Áfíríkà. Prouvé gé irin àti alumíníọ̀mù ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ nítòsí ìlú Nancy, bàálù ẹrù gbé e, wọ́n sì tò ó ní Niamey. Kò sí èyí tó gùn ju mítà 4 lọ nínú ẹ̀yà rẹ̀, ọkùnrin méjì sì lè gbé èyí tó wúwo jù. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì kí atẹ́gùn lè gba àárín kọjá, gíláàsì róbótó aláwọ̀ búlúù sì ń dín ìtànṣán oòrùn kù.

Ká sọ tòótọ́, ilé tó ń ṣí kiri kì í ṣe ohun tuntun ní Niger. Àwọn obìnrin Tuareg, tí wọ́n ni àgọ́ ìdílé wọn, ti ń tú ilé palẹ̀ di ẹrù sórí ẹranko kí wọ́n tó bí Prouvé.

Ọjà rẹ̀ kò yá. Ó wọ́n ju ilé tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ lọ, mẹ́ta péré sì ni wọ́n tò: ọ̀kan ní Niamey, méjì ní Brazzaville lọ́dún 1951.

Lẹ́yìn bí àádọ́ta ọdún, oníṣòwò ohun àtijọ́ kan láti Paris, Eric Touchaleaume, ṣáájú àwọn tó wá rà wọ́n. Wọ́n tú wọn, wọ́n sì kó wọn lọ tún ṣe ní ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2007, wọ́n ta ọ̀kan nínú ti Brazzaville ní gbàǹjo ní New York. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5 dọ́là.

Ní ti àyíká, kò sí àríwísí: irin náà kò di pàǹtí. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìbéèrè ti Niamey wà lọ́tọ̀. Ta ló ni ilé tí ìlú kan ti bá gbé fún àádọ́ta ọdún? Manthia Diawara, ọmọ Mali tó ń ṣe fíìmù, lọ bá àwọn ará Niamey àti Brazzaville sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Fíìmù náà jáde lọ́dún 2008.

Ayàwòrán Ângela Ferreira, tí wọ́n bí ní Mozambique, náà ti lọ ya fọ́tò ibẹ̀ ṣáájú. Kò bá ilé kankan níbẹ̀ mọ́. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n tò ó lé ló kù.