Elése àlùkò: kí ni ẹyẹ ń ṣe nínú orúkọ àwọ̀?

Wọ́n ní elése àlùkò laṣọ ẹbí. Ẹnì kan ra léèsì tó pupa bíi wáìnì, ẹlòmíì ra èyí táwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní pọ́pù. Ta ló rà á re nínú wọn?

Inú orúkọ yẹn náà ni ìdáhùn wà. Ẹyẹ igbó ni àlùkò, orí igi ló ń gbé, èso ló sì ń jẹ. Bó bá pa ìyẹ́ mọ́ra, ara rẹ̀ á máa dán bí ìgbà tí wọ́n po aró pọ̀ mọ́ osùn, kò dúdú tán, kò sì pupa. Ohun tí à ń pè ní elése àlùkò nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó fò ná! Pupa fòò ni ìyẹ́ apá rẹ̀.

Ṣebí ẹ mọ àdúrà àwọn àgbà tó fún agbe ní aró, tó fún lékeléke ní ẹfun? Osùn ló fún àlùkò, osùn sì rèé, pupa ni. Lójú tèmi, apá ẹyẹ yìí ni àdúrà ń wò, ara rẹ̀ ni orúkọ àwọ̀ ń wò. Pupa apá yẹn pàápàá ṣàrà ọ̀tọ̀: bàbà wà nínú rẹ̀, irú bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná.

Nígbà táwọn Àjàyí Crowther ń túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n bá aṣọ ọba pàdé níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi omi ara ìgbín òkun pa láró nílẹ̀ òkèèrè. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹyẹ la ní. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù 25:4, ẹ ó rí i pé aláró dá dúró, òdòdó tó pupa dá dúró, elése àlùkò náà sì dá dúró. Aṣọ yìí ni Lìdíà ń tà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì.

Nítorí náà, ẹni tó ra pọ́pù ló rà á re. Ẹni tó ra wáìnì ńkọ́? Bí wọ́n bá dá a dúró lẹ́nu géètì, kó ní apá àlùkò lòun rà.