Amáradàgbà fún Ẹni Tí Kò Fẹ́ Sanra Mọ́

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, kò sì sí ilé tí ó yẹ kí á wò fínnífínní tó ilé ìwòsàn kí á tó sọ ohun inú rẹ̀ lórúkọ, nítorí pé orúkọ tí kò bá bá etí aláìsàn mu lè ba ìmọ̀ràn dókítà jẹ́ kí ó tó dé ọkàn ẹni tí a gbé e fún. Ẹ̀ka ìṣègùn tí mo fẹ́ mú yẹ̀ wò jẹ́ ti àwọn tí ara wọn ti wúwo kọjá ààlà, tí wọ́n gba iṣẹ́ abẹ láti mú ìwọ̀n ara wálẹ̀, tí awọ tí ó ti nà tẹ́lẹ̀ wá rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sí wọn níkùn, ní apá àti ní itan, tí wọ́n sì ń múra àtipadà sábẹ́ ọ̀bẹ kí á lè gé àṣẹ́kù awọ náà kúrò.

Orúkọ iṣẹ́ abẹ kejì yìí, plastic surgery, ló kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ rú. Èdè Gíríìkì ni àwọn Òyìnbó ti mú un, níbi tí ó ti jẹ mọ́ mímọ nǹkan, èyíinì ni iṣẹ́ ọwọ́ amọ̀kòkò. Ṣùgbọ́n láàárín wa, ike ni pílásítíìkì, mo sì ti gbọ́ ẹni tí ó rò pé ike ni wọn yóò rán mọ́ òun lára. Iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara ni èmi fara mọ́, nítorí kò dárúkọ ike, kò sì ṣèlérí ẹwà.

Ti iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1966, Dókítà Edward Mason ti Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ nínú wọn: a ó pín àpòlúkù, a ó ṣẹ́ ìwọ̀nba tí kò tó ẹyin adìẹ kù sókè, a ó sì so ó mọ́ ìfun níwájú, kí oúnjẹ má baà gba ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá mọ́. Àbùjá ni èyí, kò sì sí Yorùbá tí kò mọ àbùjá. Bí a bá pè é ní iṣẹ́ abẹ alábùjá, ó parí.

Ọ̀rọ̀ tí ó gba àròjinlẹ̀ ni àìjẹunrekánú, tí ó lè tẹ̀lé àbùjá. Ó ti wà lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì wa tipẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó rù, tí irun rẹ̀ pọ́n, tí ikùn rẹ̀ sì yọ, ló ń gbé wá síwájú ojú ẹni. Ẹ wá sọ ọ́ fún obìnrin tí ó ṣì fẹ̀ nídìí, tí ó ti ń fi owó àti omijé bá oúnjẹ jà láti ìgbà èwe, yóò rò pé ẹ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a gúnyán nínú ewé, bí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Ẹni tí a sì ṣe àbùjá fún ń yó lórí òkèlè bíi mélòó kan. Yíyó kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, ohun tí ó wà nínú òkèlè náà ni. Àìtó èròjà ara ni kí á máa pè é, kí á yọ inú kúrò nínú ẹjọ́ yìí.

Ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí kì í tó ni irin, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun tí oúnjẹ fò dá ni irin ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ jù lọ. Bí a bá sọ fún ọmọ Ògún Lákáayé pé irin kò tó lára rẹ̀, ó lè béèrè ẹbọ kí ó tó béèrè oúnjẹ. "Ẹ̀jẹ̀ yín kéré" tí àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ kò ní àléébù, kí wọ́n sáà fi kún un pé kí ó má fi tíì sin oògùn irin, nítorí tíì kì í jẹ́ kí irin wọlé dáadáa, àmọ́ omi ọsàn a máa ràn án lọ́wọ́.

Fún fítámì C, ìtàn ló yẹ kí á sọ dípò orúkọ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Centurion ti ọ̀gágun Anson rìnrìn àjò yí ayé ká láti ọdún 1740 sí 1744, àìtó fítámì yìí pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn atukọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọgbẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn gbà lójú ogun ní ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ sẹ́yìn, tí ó ti san pátápátá, tún yanu lákọ̀tun. Ìdí ni pé kọ́lájìn, okùn tí ara fi ń rán ẹran mọ́ ẹran, kò ṣeé hun dáadáa láìsí fítámì C, àti pé ojúlówó àpá kì í dẹ́kun gbígba àtúnṣe títí ọjọ́ ikú. Ọgbẹ́ àtúnṣe ara mìíràn sì wà tí ó yí ìbàdí ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣe máa ń fẹ́ kí ó tó ọdún kan sí ọdún kan àtààbọ̀ lẹ́yìn àbùjá, kí ìwọ̀n ara sì ti dúró sójú kan fún oṣù 3 sí 6, kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ; ara tí ó ṣì ń jò kò rí ohun tí yóò fi rán ọgbẹ́. (Èmi kò wá orúkọ fún ìwọ̀n ara tí ó dúró sójú kan. Gbólóhùn náà yé tọmọdé tàgbà.)

Èyí tí ó gbọgbẹ́ jù lọ́wọ́ wa ni èròjà amáradàgbà, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní protein. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ ló fi kọ́ wa, ó sì dára fún ọmọdé tí a fẹ́ kí ó dàgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń ṣe ògbifọ̀ fún màmá kan ní Peckham, tí onímọ̀ oúnjẹ sọ pé ó kéré tán kí wọ́n máa jẹ gíráàmù 60 rẹ̀ lójúmọ́, pé ó tilẹ̀ lè tó 100, nígbà tí ẹyin kan kò ní ju bíi 6 lọ, màmá wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbogbo ìyà tí mo jẹ, ṣé kí ara mi tún dàgbà ni?" Mi ò tíì rí àtakò tí ó mọ́gbọ́n wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, atúnraṣe ni mò ń pè é fún irú wọn, èròjà tí ń tún ara ṣe. Ó sì bá orúkọ iṣẹ́ abẹ náà ṣọ̀kan, nítorí kí oníṣẹ́ abẹ tó fọwọ́ kàn wá ló yẹ kí ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti wàrà ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tiwọn. Màmá gba orúkọ yìí, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ pé kọ́lájìn ló ń rán ọgbẹ́, awọ màlúù ńkọ́, ṣé pọ̀nmọ́ kì í ṣe kọ́lájìn? Kọ́lájìn ni lóòótọ́. Àmọ́ ara kì í gbé kọ́lájìn lódindi láti inú àwo lọ sójú ọgbẹ́, ńṣe ló ń tú u palẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí ó tó fi hun tirẹ̀, ọ̀kan nínú wẹ́wẹ́ tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀, èyí tí ń jẹ́ tryptophan, kò sì sí nínú kọ́lájìn inú pọ̀nmọ́ rárá. "Ẹ fi sínú ẹ̀wà, Màmá," ni mo wí, "kí ẹ ṣáà jẹ ẹ̀wà náà tán."