Ọpọ́n Omi Fọkanáísà ní Wásinmi

Ní Wásinmi, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìbàdàn gba Ìkirè lọ sí Ifẹ̀, ni mo ti kọ́ṣẹ́ fọkanáísà lọ́dún 1979. Ọkọ̀ akẹ́rù kòkó ló ń bọ́ wa nígbà náà.

Pístìnnì ńjìnnì ọkọ̀ tó ti kú ni irin iṣẹ́ wa. Ọ̀gá mi á fi fáìlì ha ojú ibi tó lu lára túùbù títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ, wọn á lẹ rọ́bà tútù mọ́ ọn, wọn á de pístìnnì mọ́ ọn lórí, wọn á bu kẹrosíìnì díẹ̀ sínú rẹ̀, wọn á ṣáná sí i. Bí irin bá tutù, ó ku omi. A ó fẹ́ túùbù, a ó rì í sínú ọpọ́n, a ó máa yí i díẹ̀díẹ̀, ojú wa á wà lára omi bóyá yóò hó.

Lọ́jọ́ kan mo kánjú, n kò ha ojú túùbù délẹ̀. Omi kò hó rárá, mo ti ń yọ̀. Ọ̀gá mi fi èékánná gbé etí rọ́bà náà, ó sì ṣí wọ̀ọ̀! Ojú túùbù mọ́ tónítóní. Wọ́n ní, "Ó kàn fara kan ara ni, kò mú." Èyí tó bá mú, bí o bá fà á, rọ́bà fúnra rẹ̀ ni yóò ya, díẹ̀ á kù sí òkè, díẹ̀ á kù sí ìsàlẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀yìn Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, tó rí i lọ́dún 1839 pé iná àti imí ọjọ́ ń sọ rọ́bà di alágbára. Kó tó di pé oko rọ́bà gbilẹ̀ nílẹ̀ wa, igi ìrẹ́ inú igbó wa ló ń ṣoje. Lọ́dún 1895, rọ́bà tó gba Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Wọ́n kọ igi náà lákọkú, nígbà tí ọ̀rúndún náà fi máa parí, òwò ọ̀hún ti wó.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi yẹn kò mọ sórí túùbù nìkan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ nídìí bàálù sọ fún mi pé wọ́n ń fi àtè lẹ irin bàálù pọ̀ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lọ́dún 1988, òrùlé bàálù kan ṣí dànù lójú òfurufú ní Hawaii, òṣìṣẹ́ obìnrin kan kú. Àtè etí irin rẹ̀ ló ti ṣí tẹ́lẹ̀, omi wọ ibẹ̀, irin dípẹtà. Ó ní ẹ̀rọ tó ń fetí sí irin láti òde kì í sábà gbọ́ ibi tó kàn fara kanra. Nítorí náà, wọ́n ń lẹ irin pélébé méjì pọ̀, wọn á fà á ya, wọn á wá wo ojú ibi tó ya. Mo rẹ́rìn-ín. Èékánná ọ̀gá mi nìyẹn.

Táyà tí kò ní túùbù ló gbòde báyìí. Ṣùgbọ́n bí tiyín bá ṣì ní túùbù, ẹ má tíì sanwó títí fọkanáísà yóò fi rì í bọ omi, tí yóò sì fi èékánná gbé etí rọ́bà rẹ̀ wò lójú yín.