Àpapọ̀ Wákàtí Nìkan Kò Tó

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣètò ìròyìn àkókò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbà pé nǹkan méjì péré ló yẹ kó wà níbẹ̀: orúkọ òṣìṣẹ́, àti àpapọ̀ wákàtí tó ṣe kí owó ọ̀sẹ̀ méjì tó jáde. Èrò yìí kò tọ̀nà. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún ní wákàtí-wákàtí ló sì ń jìyà rẹ̀, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń tọ́jú arúgbó ní Houston àti ní Maryland.

Òfin Fair Labor Standards Act ti ọdún 1938 ló de ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí ófátáìmù jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀ owó wákàtí, ó kéré tán, fún gbogbo wákàtí tó bá lé ní 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan ló wí. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da méjì pọ̀ kó wá pín in dọ́gba. Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń gba dọ́là 15 fún wákàtí kan, ó ṣe wákàtí 45 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ṣe 35 lọ́sẹ̀ kejì. Ìròyìn alápapọ̀ yóò kọ 80, yóò sì san dọ́là 1,200. Dọ́là 1,237.50 ló tọ́ sí i. Ìròyìn náà kò ní àyè tí wákàtí márùn-ún tó lé yẹn ì bá ti fara hàn.

Ìdí nìyí tí ìlànà ìjọba fi béèrè wákàtí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ọjọ́ pẹ̀lú aago tí ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe ohun kékeré rárá. Wákàtí 168 tó tẹ̀lé ara wọn ni ọ̀sẹ̀ iṣẹ́, kò sì pọn dandan kó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Bí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru mọ́jú ọjọ́ Àìkú, ẹni tó wọṣẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó sì jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ ní wákàtí méjì nínú ọ̀sẹ̀ kan, ó ní mẹ́fà nínú èkejì. Ní California, níbi tí ófátáìmù ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, àpapọ̀ lásán tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àṣìṣe mìíràn wà ní àyè ìfọwọ́sí. Àwọn tó ń ṣètò ìròyìn ń rò pé àkókò tí ọ̀gá kò fọwọ́ sí kò lówó lórí. Irọ́ ni. Iṣẹ́ tí ọ̀gá mọ̀ sí tó sì jẹ́ kó wáyé, iṣẹ́ ni lójú òfin. Ó lè bá òṣìṣẹ́ wí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pa wákàtí rẹ̀ rẹ́.

Àṣìṣe kẹta wà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ ìṣẹ́jú: wákàtí méje àti ìṣẹ́jú 30 jẹ́ 7.5, kì í ṣe 7.30; ìṣẹ́jú 12 ló sọnù sáàárín méjèèjì.

Ní 1946, nínú ẹjọ́ Anderson àti Mt. Clemens Pottery, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pinnu pé bí agbanisíṣẹ́ kò bá ní àkọsílẹ̀ tó péye, òṣìṣẹ́ lè fi ẹ̀rí tó bọ́gbọ́n mu ṣàlàyé wákàtí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbowó wákàtí, ẹ máa kọ aago tí ẹ wọlé àti èyí tí ẹ jáde sínú ìwé tiyín lójoojúmọ́.