Oríta Íntánẹ́ẹ̀tì tí Àwọn Onímọ̀ Là ní Amsterdam

AMS-IX ni ibùdó pàṣípààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ìlú Amsterdam, ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì. Ó wà lára àwọn tó tóbi jù lágbàáyé, àmọ́ kì í ṣe oníṣòwò ló bí i.

Adágún omi ni àdúgbò Watergraafsmeer tó ti bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé wọ́n fa omi ibẹ̀ gbẹ ní 1629. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn ilé ìwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó síbẹ̀. Nikhef jẹ́ ti àwọn onímọ̀ físíìsì. Ti ìṣirò àti kọ̀ǹpútà ni CWI. SARA ni ẹ̀kẹta wọn: ní 1971, yunifásítì méjèèjì tó wà nílùú náà pẹ̀lú ilé ìwádìí ìṣirò tó di CWI lẹ́yìn náà ló jọ dá a sílẹ̀, kí wọ́n lè máa pín kọ̀ǹpútà ńlá lò. Ní ọjọ́ 17 oṣù November 1988, ìròyìn dé ọ̀dọ̀ Piet Beertema, òṣìṣẹ́ CWI, pé ọ̀nà ti là sí NSFNET, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà. CWI wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó jìn yìí kò yanjú ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Bí ìsokọ́ra méjì kò bá ní ibi tí wọ́n ti ń pàdé, íméèlì tó ń lọ láti òpópónà kan sí èkejì lè gba Amẹ́ríkà kọjá kó tó padà wálé, owó okùn abẹ́ òkun sì ń gorí ara wọn. Ní February 1994, àwọn ilé ìmọ̀ náà so ẹ̀rọ wọn pọ̀ ní Watergraafsmeer, wọ́n sì so ó mọ́ CERN, àgbà ilé ìwádìí físíìsì tó wà ní Geneva. Ìgbà náà ni orúkọ AMS-IX kọ́kọ́ jẹ yọ.

Ètò rẹ̀ kò le. Kálukú á fa okùn tirẹ̀ wá sínú yàrá kan, á kì í bọ inú ẹ̀rọ switch, á sì sọ fún ẹnìkejì, nípa ìlànà tí wọ́n ń pè ní BGP, àwọn àdírẹ́sì tí òun lè dé. Ibùdó náà kì í ta íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó bá sì ti gbà láti ṣe pàṣípààrọ̀ kì í sábà gbowó lọ́wọ́ ara wọn.

Láìpẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì gba àyè láti wọlé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ ni pé onílé kì í ṣe abánidíje wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù December 1997, 20 nínú wọn dá ẹgbẹ́ AMS-IX sílẹ̀, àkóso sì kúrò lọ́wọ́ àwọn onímọ̀. Síbẹ̀, ilé Nikhef ṣì ń gba ẹ̀rọ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Vienna: yunifásítì ìlú náà kò fi ibùdó pàṣípààrọ̀ tirẹ̀, VIX, sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Nàìjíríà, kì í ṣe yunifásítì ló ṣíwájú: àjọ NCC tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ló ṣe agbátẹrù ibùdó pàṣípààrọ̀ IXPN tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní nǹkan bí 2006, nígbà tí íméèlì láti Ìkẹjà sí Yàbá ṣì ń gba òkè òkun kọjá. Ní àwọn ọdún 2020, AMS-IX fúnra rẹ̀ bá alábàáṣepọ̀ kan ṣí ibùdó sí Èkó.